Ọdún Mẹ́fà Tí Wọ́n Gé Kúrò

Kàlẹ́ńdà ló dá wàhálà ọjọ́ náà sílẹ̀, kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá fẹ́ bú bọ́ọ̀lù á rí àyè bú u tó bá yá, èébú sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ kùtù, kàlẹ́ńdà ni ìyá ilé ń bú. Ó kúnlẹ̀ ní ilé ìdáná, ó ń fi omi gbígbóná jó orúnkún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Á ki aṣọ ìnura bọ inú ọpọ́n, á fún un, á gbé e lé orúnkún náà, oru á sì bo ojú àwọn méjèèjì. Orúnkún ọ̀hún tóbi ju èkejì rẹ̀ lọ, ó sì máa ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó lọ síbi ìdánrawò, kí kóòṣì má baà rí i pé ó ń tiro.

Ọmọba ni gbogbo ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù ń pè é, ọmọba náà sì ni lóòótọ́. Bàbá bàbá rẹ̀ ló wà lórí àga ọba. Àwòrán arúgbó náà ló wà lókè kàlẹ́ńdà tó so mọ́ ògiri lẹ́bàá sítóòfù. Ṣùgbọ́n ọmọba pọ̀ ju àga lọ. Ilé tí wọ́n ń gbé, igun méjì ló ń jò, ike ni wọ́n gbé sábẹ́ rẹ̀. Aránbàtà tó ń gbé lẹ́yìn ògiri wọn fẹ́ràn láti máa sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ṣùgbọ́n pé eléyìí kò jó, jíjò ló ń jò, bóyá ìdí nìyẹn tí ẹwà ò fi tí ì dé.

Owó bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń jẹ. Òun ló ra sítóòfù, òun ló ra ẹ̀rọ ìránṣọ tí àbúrò Ọmọba obìnrin fi ń ṣiṣẹ́ ní pálọ̀, òun ló ń san owó iná. Bàbá wọn kì í ṣiṣẹ́. Ó ní ọmọ ọba kì í ṣiṣẹ́ lábẹ́ ènìyàn, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè rí pé abẹ́ ta ni ọmọ tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Òfin ilé wọn kò ṣòroó mọ̀. Ọmọ kì í gba àga lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ọmọ-ọmọ ló ń gbà á, ẹni tó bá dàgbà jù nínú àwọn ọkùnrin. Ọmọba ló dàgbà jù, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ẹni tó tẹ̀lé e ni ọmọ Bàbá Kékeré, ìyẹn àbúrò bàbá rẹ̀. Akọ̀wé kóòtù ni, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Bí àwọn tó bí wọn ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni Ọmọba, nítorí ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Mánéjà ti gé ọdún mẹ́fà kúrò lára ọjọ́ orí rẹ̀ bí ẹni ń gé èékánná. Ó ní kò sí ẹgbẹ́ tó ń ra arúgbó. Bàbá fọwọ́ sí i, Mánéjà gba ìpín tirẹ̀, ó sì ń gbà á lóṣooṣù láti ìgbà náà.

Tẹ́lẹ̀, àwòrán àti orúkọ nìkan ló máa ń wà lára kàlẹ́ńdà ilé. Lọ́dún yìí, bí arúgbó náà kò ṣe lè dìde jókòó fúnra rẹ̀ mọ́, àwọn àgbà ilé ní kí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí sábẹ́ àwòrán ọmọ-ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ọjọ́ ìbí òtítọ́ ni Bàbá fún wọn. Ohun tó yẹ kó ṣe náà nìyẹn, ká ní ó mọ ní ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ọmọ òun ló wà lókè pátápátá, tòun ti jésì bọ́ọ̀lù lọ́rùn, kò lè fara dà á. Ó fi ìwé ìròyìn wé ọ̀kan, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ilé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ó fún ìyá tó ń se oúnjẹ níbẹ̀. Ìyá oníoúnjẹ so ó mọ́ ògiri yàrá ìjẹun. Oṣù mẹ́ta ló fi wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wo nǹkan kan lára rẹ̀ ju ọjọ́ ìsinmi lọ. Àná ni alága ẹgbẹ́ wọlé wá mu tíì, tó dúró sídìí ògiri, tí tíì fi tutù mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ohun tí Ọmọba ń sọ fún ìyá rẹ̀ nìyẹn láàárín oru omi gbígbóná. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni òun àti ẹgbẹ́ yóò fọwọ́ sí àdéhùn ọdún mẹ́ta. Alága ní kó tó di ìgbà náà, kí bàbá rẹ̀ mú ìwé ìbúra wá láti kóòtù pé àṣìṣe ìtẹ̀wé ni ọjọ́ orí ara kàlẹ́ńdà. Ó sì ní nítorí pé òǹtẹ̀ ilé ọba wà lára kàlẹ́ńdà náà, kí ẹnìkan nínú ilé ọba ṣe ẹlẹ́rìí. Bí kò bá sí ìwé, kò sí àdéhùn, ọ̀rọ̀ á sì dé ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù.

Bàbá wọlé pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Ta ló ní kí ẹ gbé e lọ?" Ìyá kò gbójú sókè.

"Ọmọ mi ló wà lókè. Ṣé kí n fi tẹ́ abẹ́ ẹní ni?"

"Mo bi yín ni. Kò sí ẹni tó wá gbé e níbí. Ẹ̀yin lẹ wé e, ẹ̀yin lẹ rù ú."

Bàbá tutọ́ ọṣẹ eyín sínú ihò omi, ó ní obìnrin kò mọ ohun tó ń jẹ́ orúkọ. Ìyá ní òun mọ ohun tó ń jẹ́ orúnkún. Ó ní kí wọ́n lọ sọ òtítọ́ fún alága, kí ọmọ òun wá jókòó, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sinmi, kí àga tó tọ́ sí i bá a nílé. Bàbá bi í pé kí ni wọn yóò máa jẹ títí arúgbó náà yóò fi kú, ṣé kí òun lọ fún un lọ́rùn ni? Ìyá ní kó má fi ikú ẹnikẹ́ni ṣàwàdà nídìí oúnjẹ òun. Bàbá ní kì í ṣe àwàdà.

Aránṣọ, àbúrò Ọmọba obìnrin, jáde láti pálọ̀ pẹ̀lú tépù ìwọnṣọ lọ́rùn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni òun, nítorí náà nínú ìwé, ó ti fi ọdún mẹ́rin ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ó ní ẹni tó bá lé eku méjì, òfo ni yóò pa; kí Bàbá mú ọ̀kan. Bàbá ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé, kó lọ jókòó sídìí aṣọ aláṣọ.

"Èmi ni àgbà nínú ìwé, sà," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi tán."

Ọmọba nìkan ló rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun kan ṣoṣo tó sọ láàárọ̀ yẹn fún bàbá rẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ pé òun ni wọ́n ń bi, àdéhùn ọdún kan péré lòun fẹ́, kì í ṣe mẹ́ta, òun kò rò pé ẹsẹ̀ yìí ní mẹ́ta nínú. Wọn kò bi í.

Bàbá pe Mánéjà lórí fóònù. Ìgbà kẹrin ló tó gbé e. Ó ní ọwọ́ òun kò sí nínú ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà, pé ọjọ́ orí kan ṣoṣo lòun ta fún ẹgbẹ́, tí àwọn ará ilé bá wá lọ tẹ òmíràn, kí wọ́n wá ojútùú rẹ̀ fúnra wọn. Ó ní òun wà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, òun ń kó ọmọ mẹ́rin lọ sí ìlú mìíràn. Ọmọ mẹ́rin, bí ẹni ń sọ iye ewúrẹ́. Irú wọn wà káàkiri, aṣọ wọn mọ́, bàtà wọn ń dán. Wọ́n á gé ọjọ́ orí ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n á tà á ní tútù, nígbà tó bá gbó lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọn kì í sí nítòsí.

Ní ìdí ẹ̀rọ omi tó wà láàárín ilé wọn àti ti aránbàtà, ọ̀rọ̀ ti débẹ̀ kí oòrùn tó yọ dáadáa. Ògiri fẹ́lẹ́ ni. Obìnrin oníbúrẹ́dì ní òun àti Ọmọba jọ wọ ilé-ìwé lọ́dún kan náà, òun ti bímọ mẹ́ta, irun òun ti ń funfun, òun ṣì ń dúró de ẹni tí yóò gé ọjọ́ orí tòun. Aránbàtà ní kó lọ bá Mánéjà, pé tí wọ́n bá gé e dáadáa, ó lè tún inú ìyá rẹ̀ wọ̀. Obìnrin oníbúrẹ́dì ní kó má bú òun. Aránbàtà ní àbíkẹ́yìn òun, tí Ọmọba gbé lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bí i, ó ku díẹ̀ kó lé Ọmọba bá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí korobá fi kún tó ń ṣàn dànù. Nígbà tí ìyá Ọmọba jáde pẹ̀lú ọpọ́n, wọ́n kí i dáadáa, wọ́n sì ń wo ilẹ̀.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé, Bàbá Kékeré ló máa ń wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kì í lọ bá a. Lọ́jọ́ yìí, Bàbá wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó rìn dé òpópónà kejì, ó kan ilẹ̀kùn àbúrò rẹ̀. Bàbá Kékeré ti múra, bàtà ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bàbá sọ ohun tó gbé e wá, ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, ó ń fọwọ́ nu orí tábìlì tí kò ní eruku.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ní kí n ṣe rí tí n kò ṣe?" ni Bàbá Kékeré wí. "Ọmọ wa ni. Kóòtù ọmọ yín kò jìnnà, ẹ jẹ́ ká lọ bá a."

Wọ́n bá akọ̀wé kóòtù nídìí iṣẹ́. Yàrá tóóró ni, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì kan, kọ̀ǹpútà kan àti fáànù tó ń yí bí ẹni tó fẹ́ sùn. Ó dìde fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ó nu bẹ́ǹṣì kó tó ní kó jókòó. Ó béèrè bí orúnkún ẹ̀gbọ́n òun ṣe ń ṣe, Bàbá sì ní kò sí ohun tó ṣe orúnkún kankan. Ọmọ dáadáa ni. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, òun ló máa ń ru báàgì bàtà Ọmọba lọ sí pápá, tó bá sì gbé omi fún un, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gbé e.

Ó béèrè ọjọ́ ìbí tó tọ̀nà. Bàbá sọ èyí tí Mánéjà ṣe. Ìka ọmọ náà dúró díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó wo bàbá tirẹ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Bàbá nàró, ó gbé ọwọ́ sókè, ó búra pé ọjọ́ náà ni wọ́n bí ọmọ òun, pé ohun tó wà lára kàlẹ́ńdà ilé jẹ́ àṣìṣe ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ìyá ìkókó náà kò sí níbẹ̀ láti gbọ́ pé kò tí ì bímọ lọ́jọ́ tó bímọ.

Ẹ̀dà mẹ́ta ló jáde nínú ẹ̀rọ. Bàbá kà wọ́n.

"Ọ̀kan fún ẹgbẹ́, ọ̀kan fún kóòtù. Èwo ni ẹ̀kẹta?"

"Ti ilé ni, sà," ni akọ̀wé kóòtù dáhùn. "Ẹ ní kàlẹ́ńdà ilé ló ṣàṣìṣe. Àwọn àgbà ní láti rí i kí wọ́n tún àwọn àwòrán náà tò."

Bàbá Kékeré ń wo fáànù.

Kò sí ẹni tó di Bàbá lọ́wọ́. Ó lè ya ẹ̀kẹta. Ó lè ya gbogbo rẹ̀, kó lọ sọ fún alága pé òun purọ́ nígbà kan, òun kò ní purọ́ mọ́. Ó jókòó, ó ń wo bírò tí ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì nà sí i. Ọdún mẹ́ta ló wà lójú rẹ̀, òrùlé tuntun, sítóòfù tí gáàsì kì í tán nínú rẹ̀. Bóyá ó sì ń rò ó pé àwọn àgbà kò ní ka ìwé náà, tàbí pé arúgbó náà kò ní tètè lọ. Ó fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá Kékeré fọwọ́ sí abẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ó fọwọ́ sí ti ẹ̀kẹta ṣáájú. Ọmọ náà tẹ òǹtẹ̀ lé e, ó ká ẹ̀dà ilé sí mẹ́rin, ó fi sínú àpò àyà rẹ̀.

Ọmọba gba ẹ̀dà ti ẹgbẹ́ lẹ́nu ọ̀nà kóòtù. Kò kà á. Ó ní ọkọ̀ ń dúró de òun.

Nígbà tí Bàbá délé, ojú rẹ̀ ti là. Ó ní kí wọ́n se ìrẹsì tó pọ̀, kí wọ́n ra ẹja ńlá méjì, pé àbúrò òun àti ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wá jẹun lálẹ́, kí wọ́n jọ bá Ọmọba yọ̀. Ìyá bi í pé èló ni ìbúra náà. Ó ní òfẹ́ ni, pé àǹfààní kéèyàn ní ọmọ ní kóòtù nìyẹn. Ìyá bi í pé ẹ̀dà mélòó. Bàbá jáde lọ wo bí ike abẹ́ òrùlé ṣe kún tó. Òjò kò rọ̀ lọ́sẹ̀ náà.

Ìyá lọ ra ẹja. Ó gé e, ó fọ̀ ọ́, ó dín in. Aránṣọ ń ran aṣọ lọ ní pálọ̀, ìró ẹ̀rọ náà nìkan ló ń lọ nínú ilé. Ó ti di aago márùn-ún kọjá kí Bàbá Kékeré àti ọmọ rẹ̀ tó wọlé. Bàbá ní kí wọ́n jókòó. Àga mẹ́ta ló yí tábìlì ká, ọ̀kan nínú wọn kọjú sí àyè tó ṣí sílẹ̀, ibẹ̀ ni Ọmọba máa ń jókòó kó lè na ẹsẹ̀ rẹ̀. Akọ̀wé kóòtù wo àga náà díẹ̀, ó sì jókòó sórí rẹ̀. Aránṣọ fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá wò ó, ọmọbìnrin náà sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Aago mẹ́fà ku díẹ̀ ni Ọmọba dé. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìta, ọ̀kan le, ọ̀kan rọ̀. Ó gbé bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ sínú ọ̀rá dání, bàtà mẹ́ta, gbogbo èyí tó ní ní ilé ẹgbẹ́. Ìyá rí ọ̀rá náà kí Bàbá tó rí i.

"Wọ́n ti fọwọ́ sí i?" ni Bàbá béèrè.

Ọmọba gbé ọ̀rá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni ń ka lẹ́tà ẹlòmíràn. Ó ní alága gba ìwé ìbúra, ó ka orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí i, ó ní kí òun bá a kí Bàbá. Ó ní ó wá ku kí dókítà ẹgbẹ́ wo òun kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn. Dókítà gbé orúnkún náà sábẹ́ ẹ̀rọ ayàwòrán eegun, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní kì í ṣe orúnkún ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Alága fa ìwé yọ, ó ní bàbá rẹ̀ ti búra. Dókítà ní tí bàbá rẹ̀ bá ti búra, a jẹ́ pé àìsàn ni, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ọmọ tó bá ti rí báyìí ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, kí wọ́n má náwó lé e lórí.

Kò sí ẹni tó gbé síbí.

"Mo bẹ̀ wọ́n fún iṣẹ́ kóòṣì àwọn ọmọdé," ni Ọmọba wí. "Wọ́n máa ń fún àwọn tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Alága ní òun ìbá fún mi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pé ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ń fún. Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ọdún márùn-ún."

Bàbá Kékeré ní áà, ayé mà le o, ó sì fa àwo ẹja súnmọ́ ara rẹ̀ díẹ̀ kó má baà tutù. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, Ìyá ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Kò kọjú sí ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Orúnkún tó ń fi omi gbígbóná jó láràárọ̀ ló ń wò.

Ọmọba wá àga, kò rí. Ó fara ti ògiri.

Omi kò sí lórí tábìlì. Ìyá kò gbé e wá. Akọ̀wé kóòtù wú kọ́, ó gbé ife òfìfo tó wà níwájú rẹ̀ sókè, ó nà án sí ibi tí Ọmọba dúró sí. Ọwọ́ kan ló fi nà án.

"Bá mi bu omi wá," ló wí.

Ẹ̀rọ ìránṣọ kò dún mọ́. Aránṣọ ti dìde dúró. Bàbá gbé ojú sókè kíákíá, inú bí i, gbogbo ọmọ ọba tó wà nínú rẹ̀ dìde. Ó fẹ́ bi ọmọ náà pé ta ló ń rán níṣẹ́. Ọwọ́ òsì akọ̀wé kóòtù wà lórí àpò àyà rẹ̀, níbi tí ìwé tó ká sí mẹ́rin wà. Kò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbé ọwọ́ síbẹ̀ bí ẹni tí àyà ń yún. Bàbá wo àpò náà. Ó wo ẹja.

Ọmọba gba ife. Ó di etí tábìlì mú, ó jáde. Wọ́n ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ omi, ọ̀kan le, ọ̀kan rọ̀. Aránbàtà wà níbẹ̀, ó gbé korobá rẹ̀ kúrò fún un. Wọ́n gbọ́ tí omi ń ṣàn sínú ife, wọ́n gbọ́ tó ń padà bọ̀, ó ń rìn jẹ́jẹ́ kí omi má baà dà sílẹ̀.

Ó dúró níwájú àbúrò rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé omi náà fún un.

Bàbá ń jẹun.